Ìyẹ́ Tó Kù Lọ́wọ́ Akínṣẹ̀yẹ

Balógun Ọláńṣilé ta Akínṣẹ̀yẹ lọ́fà láti ẹ̀yìn, ó sì jẹ adìẹ tí ìyá Akínṣẹ̀yẹ mú wá fún ìsìnkú ọmọ rẹ̀. Akínṣẹ̀yẹ, Àkàndé ọmọ Agbẹ̀rẹ́, ekùn tí í dá nìkan dọdẹ, ló lé àwọn akónilẹ́rú kúrò lẹ́yìn odi ìlú lọ́jọ́ náà. Ọláńṣilé kò fẹ́ kí ẹlòmíràn gba ìyìn ogun, ó sì sọ fún ìlú pé ibi tó ti ń sá lọ ni ọfà ti bà á. Wọ́n sin ín bí ẹni sin ajá.

Gbogbo wa la mọ iṣẹ́ adìẹ ìrànà: òun la ń tu ìyẹ́ rẹ̀ sójú ọ̀nà níwájú òkú, kí ọ̀nà ọ̀run lè là. Akínṣẹ̀yẹ dé ẹnu ibodè lọ́wọ́ òfo, Oníbodè sì dá a dúró. Ó bá ọ̀pọ̀ èèyàn níta níbẹ̀: ẹrú tí wọ́n jù sígbó, àlejò tí kò ní ará, aboyún tí ogun pa lọ́nà oko. Ẹni tó bá pẹ́ níbẹ̀ á gbàgbé orúkọ ara rẹ̀, á sì di ìkùukùu. Akínṣẹ̀yẹ kó wọn jọ. Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, ó ń pè wọ́n lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má bàa parẹ́.

Àwẹ̀ró, ìyá àgbà kan tó kú sóko ẹrú, bi í pé, "Ọmọ mi, títí dìgbà wo?"

"Títí Ọláńṣilé á fi kú, Ìyá. Kò ní í gbàgbé adìẹ tirẹ̀."

Nígbà tó yá, Ọláńṣilé dé nínú aṣọ etù, adìẹ funfun ń rìn níwájú rẹ̀. Akínṣẹ̀yẹ gbé e ṣubú.

"Ẹ kú ìrìn, Balógun. Ẹ ti sanra. Adìẹ ìyá mi bá yín lára mu."

"Fi mí sílẹ̀, Akínṣẹ̀yẹ. Òkú kì í bá òkú jà."

"Adìẹ ìrànà kì í ṣe ohun àjẹgbé. Ẹ jẹ tèmi, mo wá gba tiyín." Ó kọjú sí Oníbodè. "Bàbá, ṣé adìẹ lẹ ń bèèrè ni, àbí ìyẹ́ rẹ̀?"

Oníbodè rò ó. "Ìyẹ́ ni. Ẹ̀yin aráyé lẹ ń mú odidi adìẹ wá fún ẹnìkan."

Akínṣẹ̀yẹ fi orúnkún tẹ Ọláńṣilé mọ́lẹ̀, ó ń tu ìyẹ́, ó sì ń pín in. Ẹrú wọlé, àlejò wọlé, aboyún wọlé. Àwẹ̀ró ló kẹ́yìn. Òun ló sì wá ròyìn lójú àlá àwọn ará Agbẹ̀rẹ́. Títí dòní, kò sí àlejò tó kú ní Agbẹ̀rẹ́ tí wọn kì í tu ìyẹ́ adìẹ fún, Balógun kan kò sì gbọdọ̀ fẹnu kan ẹran adìẹ nílé òkú.

Ìyẹ́ kan ṣoṣo ló kù. Oníbodè ní, "Máa bọ̀, akọni. Jẹ́ kí Balógun yìí di ìkùukùu."

"Bó bá di ìkùukùu, á gbàgbé ohun tó ṣe, ara á sì tù ú."

Akínṣẹ̀yẹ ki ìyẹ́ náà bọ irun orí ara rẹ̀, ó jókòó ti ọ̀tá rẹ̀. Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ dé, ó pè é lórúkọ:

"Ọláńṣilé, ìwọ lo ta mí lọ́fà lẹ́yìn."