Ààrò Mẹ́ta Lójúde Ilé Ìgbìmọ̀

Iyọ̀ kò pọ̀ nínú ìkòkò,
òun ni ẹnu ń wá kiri inú ọbẹ̀.
Àpótí tí a gbẹ́ kí a tó ka ìbò,
adìyẹ ní í sùn lé e lórí.

Àwọn awo wọ̀nyí ni wọ́n yẹ ọ̀nà wò fún Àwẹ̀ró amọ̀kòkò, ní ọjọ́ tí ó fẹ́ du ìjókòó ìgbìmọ̀ ní Ìdó-Amọ̀, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kéré, tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Àwọn kan náà ni wọ́n wò fún Láwuyì, olórí àwọn àgbẹ̀, ọkùnrin tí iṣu rẹ̀ kún ọgbà, tí kò rí ohun tí ó yẹ kí ó bà á lẹ́rù.

Ní Ìdó-Amọ̀, ìgbìmọ̀ ni ó ń ṣe òfin. Àpótí ìjókòó mọ́kànlélógún ni àyè wà fún nínú ilé ìgbìmọ̀. Ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta, ará ìlú a dìbò. Ẹgbẹ́ mẹ́rin ní ń du àpótí: àgbẹ̀, ọdẹ, alágbẹ̀dẹ àti amọ̀kòkò. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan a gbé agbè kan kalẹ̀ lójúde. Ẹni tó bá ti dàgbà, lọ́kùnrin lóbìnrin, a mú ẹ̀kùrọ́ kan láti ilé, a sọ ọ́ sínú agbè tó wù ú. Bí ẹ̀kùrọ́ ẹgbẹ́ kan bá ti pọ̀ tó ni àpótí rẹ̀ ń pọ̀ tó.

Ẹgbẹ́ tí ó bá ní àpótí mọ́kànlá ni yóò darí ìlú. Bí ẹgbẹ́ kan kò bá dá a ní, wọ́n lè pa tiwọn pọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta péré ni òfin fún wọn, láti ọjọ́ tí wọ́n bá ka ìbò. Bí ọ̀sán ọjọ́ kẹta bá pọ́n tí kò sí ẹni tó kó mọ́kànlá wọlé, ìgbìmọ̀ àtijọ́ ni yóò tún jókòó.

Láwuyì ni olórí ìgbìmọ̀ àtijọ́. Ó ti sọ ọ́ ní gbangba pé bí òun bá padà, òun yóò dí kòtò amọ̀ tó wà lẹ́bàá odò, òun yóò fi ibẹ̀ gbin iṣu. Inú kòtò yẹn ni ìyá Àwẹ̀ró ti wa amọ̀, àti ìyá ìyá rẹ̀. Kò sí amọ̀ mìíràn ní ìlú náà tí kì í sán nínú iná. Bí wọ́n bá dí i, iṣẹ́ ìkòkò parí nìyẹn.

Ìdí nìyí tí Àwẹ̀ró fi lọ bèèrè.

Wọ́n ní kí ó rúbọ. Ìkòkò tuntun kan, iṣu, epo, ẹja gbígbẹ àti iyọ̀. Wọ́n ní kí ó dáná sí ojúde ilé ìgbìmọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ó bọ́ ẹni tí ó bá yà síbẹ̀, kí ó má sì bi ẹnikẹ́ni léèrè agbè tí ó sọ ẹ̀kùrọ́ rẹ̀ sí. Èyí kò ṣòro. Wọ́n wá ní kí ó má lo ààrò tirẹ̀ nìkan. Kí ó lọ tọrọ òkúta ààrò ní ilé àwọn tó jù ú lọ.

Àwẹ̀ró wò wọ́n. “Ṣé àwọn tí mò ń bá du àpótí ni kí n lọ tọrọ òkúta lọ́wọ́ wọn?”

“Àwọn náà ni.”

“Wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín.”

“Ẹ̀rín kì í ba ẹbọ jẹ́,” ni awo àgbà wí. “Má sì dáná kí ìbò tó parí. Oúnjẹ tó bá ṣáájú ìbò, ẹ̀tàn ni. Èyí tó bá tẹ̀lé e ni ẹbọ.”

Láwuyì ti lọ bèèrè ṣáájú rẹ̀. Ẹbọ tirẹ̀ kò tó nǹkan. Wọ́n ní ohun tí wọ́n bá wá tọrọ ní ilé rẹ̀ lẹ́yìn ìbò, kí ó yọ̀ǹda rẹ̀, bí ó ti wù kí ó kéré tó. Láwuyì rò pé wọ́n ń fi òun ṣeré. Ó fa ewúrẹ́ méjì ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n dá wọn padà. Wọ́n ní àwọn kò bèèrè ewúrẹ́. Ó ní kò burú. Ó lọ bá gbẹ́nàgbẹ́nà, ó ní kí ó gbẹ́ àpótí mọ́kànlá fún òun. Ìbò ṣì ku ọjọ́ méje nígbà náà.

Ọjọ́ ìbò pé. Èèyàn tò láti ojúde títí dé ẹ̀yìn ọjà. Ọkùnrin kan dúró ti agbè àwọn amọ̀kòkò, ó yọjú wò ó.

“Ẹ̀yin ìyá wa, ṣé agbè yìí kò lu báyìí?”

“Kò lu,” ni Àwẹ̀ró wí. “Ó ń dúró de tìrẹ ni.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sọ ẹ̀kùrọ́ rẹ̀ sínú ti àgbẹ̀.

Ní ìdájí ọjọ́ tó tẹ̀lé ìbò, kí wọ́n tó kà á, Àwẹ̀ró ru àtẹ rẹ̀, ó lọ tọrọ òkúta.

Àṣà kan wà ní Ìdó-Amọ̀ nípa ààrò. Òkúta mẹ́ta ni ààrò. Bí ilé kan bá yá ènìyàn ní ọ̀kan, wọn kò gbọdọ̀ fi òkúta mìíràn dí àyè rẹ̀. Méjì kò sì ṣe é gbé ìkòkò kà. Ibi tí òkúta wọn bá wà ni wọn yóò ti máa jẹun títí yóò fi padà dé. Nítorí náà, ẹni tó bá tọrọ ààrò ti tọrọ ẹnu ilé náà mọ́ ọn.

Ilé Láwuyì ni ó kọ́kọ́ yà. Ó bá a ní ìloro, ó ń nu àpótí mọ́kànlá. Ó kúnlẹ̀.

“Ẹ kú àárọ̀, Bàbá. Òkúta ààrò kan ni mo wá tọrọ lọ́wọ́ yín. Ọjọ́ mẹ́ta ni.”

Láwuyì pe àwọn ìyàwó rẹ̀ kí wọ́n wá gbọ́. “Ìyá Oníkòkò, ṣé ẹ̀yin tí ẹ ń mọ ìkòkò fún gbogbo ìlú kò ní ohun tí ẹ ó gbé e kà?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ẹ lọ wa amọ̀ kí ẹ fi mọ ààrò. Ẹ tètè wà á o, kòtò yẹn kò ní pẹ́ẹ́ dí.”

“Ẹ ṣeun, Bàbá.”

Ó dìde, ó lọ. Láwuyì padà sí àpótí rẹ̀. Kò rántí ohun tí wọ́n sọ fún un.

Ní ilé Ọdẹ́gbèmí, olórí àwọn ọdẹ, ìyàwó rẹ̀ ni ó bá. Ìyàwó náà wo ààrò, ó wo Àwẹ̀ró.

“Ṣé o mọ̀ pé ẹnu wa pọ̀?”

“Mo mọ̀.”

“Ọdẹ mẹ́tàlá ló ń jẹun nílé yìí, kò sí èyí tí í yó. Gbé e. Èmi náà á sinmi fún ọjọ́ mẹ́ta.”

Ògúnrìndé, olórí àwọn alágbẹ̀dẹ, ń dá gbé ni. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ìdàrọ́ mẹ́ta, èérí irin tó yọ́ nínú iná tó sì dì bí òkúta, ni ó fi ṣe ààrò. Kò bèèrè ohun tí ó fẹ́ fi ṣe. Ó tẹ̀ ba, ó gbé ọ̀kan sórí àtẹ fún un.

“Ó wúwo,” ni ó wí. Ó padà sídìí ẹwìrì rẹ̀.

Àwẹ̀ró mú ẹ̀kẹta láti ilé ara rẹ̀. Amọ̀ sísun ni tirẹ̀.

Nígbà tí oòrùn yọ, wọ́n da ẹ̀kùrọ́ sórí ẹní, wọ́n kà á lójú gbogbo ènìyàn. Akéde dìde. Ó ní àgbẹ̀ gba àpótí mẹ́sàn-án. Ọdẹ gba mẹ́fà. Alágbẹ̀dẹ gba mẹ́rin. Amọ̀kòkò gba méjì.

Àwọn èèyàn Láwuyì ti ru àpótí mọ́kànlá dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn aṣọ́nà dá wọn dúró. Wọ́n ní kí méjì padà sílé.

“Bàbá,” ni ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn, “méjì yẹn ńkọ́, ṣé ti àlejò ni?”

Láwuyì kò bínú. “Ẹ gbé wọn lọ. Wọ́n á padà wá.”

Ó ti ṣe ìṣirò rẹ̀. Méjì péré ló kù. Ògúnrìndé ní mẹ́rin, ọkọ́ àgbẹ̀ ni ó sì ń rọ jẹun. Níbo ni yóò lọ? Ọdẹ àti alágbẹ̀dẹ kò lè pàdé, nítorí wọn kì í kí ara wọn. Bí wọ́n tilẹ̀ pàdé, mẹ́wàá ni wọn yóò jẹ́. Láwuyì ní kí wọ́n gún iyán. Ó jókòó sílé, ó ń dúró de alágbẹ̀dẹ. Lójú rẹ̀, ẹni kékeré ní í lọ bá ẹni ńlá.

Àwẹ̀ró ti dáná. Àwọn amọ̀kòkò ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bó iṣu, wọ́n ń kùn.

“Ìjókòó méjì la gbà, a wá ń bọ́ àwọn tó gba mẹ́fà.”

“Ẹ máa bó o,” ni Àwẹ̀ró wí.

Àwọn ará ilé Ọdẹ́gbèmí dé, gbogbo wọn. Kò pẹ́ tí Ògúnrìndé fi dé. Ó rí ìdàrọ́ rẹ̀ lábẹ́ ìkòkò. Ó rí òkúta Ọdẹ́gbèmí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó jókòó, ó kọ ẹ̀yìn sí àwọn ọdẹ. Wọ́n jẹun bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àárín wọn ti pé ọdún méjì. Ògúnrìndé rọ tàkúté fún Ọdẹ́gbèmí. Tàkúté náà ṣẹ́, ẹfọ̀n yọ, ó kan àbúrò Ọdẹ́gbèmí ní itan. Àbúrò náà ń tiro títí di ọjọ́ yẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́, Láwuyì ránṣẹ́. Ìránṣẹ́ ní, “Ẹ̀yin Bàbá Alágbẹ̀dẹ, wọ́n ní iyán ti ń tutù.”

“Sọ fún un pé ibi tí ààrò mi wà ni mo ti ń jẹun. Èmi kọ́ ni mo dá àṣà náà sílẹ̀.”

Ní ọjọ́ kejì, Ògúnrìndé ń wá iyọ̀. Igbá iyọ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn ọdẹ. Àbúrò tí ó ń tiro ni ó dìde, ó gbé e fún un. Ògúnrìndé wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Ẹsẹ̀ ńkọ́?”

“Ó ń gbé mi dé ibi oúnjẹ.”

Ògúnrìndé bu iyọ̀ sí iṣu rẹ̀. Kò jẹ ẹ́. Ó yíjú sí Ọdẹ́gbèmí.

“Irin yẹn kò pọ́n tó. Mo ti mọ̀ lọ́jọ́ tí mo gbé e fún ọ. Ọjọ́ ọjà ni. Mo ń kánjú.”

Ọdẹ́gbèmí jẹ èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ tán. “Ọdún méjì ni mo ti ń dúró de ọ̀rọ̀ yìí.”

“Mo mọ̀.”

Ògúnrìndé jẹ iṣu rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bu oúnjẹ lẹ́ẹ̀kejì, kò kọ ẹ̀yìn sí ẹnikẹ́ni mọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹta mọ́. Ìránṣẹ́ Láwuyì tún dé. Lọ́tẹ̀ yìí, Àwẹ̀ró ni ó ń wá.

“Ìyá, Bàbá ní kí ẹ gbé àpótí méjì yín wá. Wọ́n á fi ìdajì kòtò sílẹ̀ fún yín.”

Àwọn amọ̀kòkò gbé ọ̀bẹ wọn kalẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Àwẹ̀ró, ìdajì sàn ju òfo lọ. Oòrùn ti ń gòkè.”

Òótọ́ ni ó sọ. Bí ọ̀sán bá pọ́n lásán, kòtò lọ pátápátá. Àwẹ̀ró ro ọbẹ̀. Ó ronú sí kòtò náà, àti sí ìyá rẹ̀ tí ó máa ń ti inú rẹ̀ jáde pẹ̀lú amọ̀ dé orúnkún.

“Ìkòkò tó fọ́ ku ìdajì kì í gba omi dúró,” ni ó wí. “Ẹ kí Bàbá.”

Ó bu oúnjẹ fún ìránṣẹ́ náà, ó jẹ, ó lọ. Àwẹ̀ró wá yíjú sí Ọdẹ́gbèmí àti Ògúnrìndé.

“Ẹ̀yin ní mẹ́fà. Ẹ̀yin ní mẹ́rin. Èmi ní méjì.”

“Méjìlá,” ni Ògúnrìndé wí.

Ọdẹ́gbèmí họ àgbọ̀n. “Ta ni yóò ṣe olórí?”

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń bàjẹ́ nìyẹn. Àwẹ̀ró fi igi tọ́ka sí ìsàlẹ̀ ìkòkò. “Ẹ wò ó kí ẹ sọ èwo ni olórí níbẹ̀ fún mi.”

Òkúta ọdẹ ti dúdú. Ìdàrọ́ ń pọ́n. Amọ̀ sísun kò mì. Ọdẹ́gbèmí wò ó pẹ́, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

“Ọdún mẹ́ta ni. Ẹni mẹ́ta ni wá.”

“Ẹ̀yin ni kí ẹ ṣáájú,” ni Ògúnrìndé wí. “Èmi á tẹ̀lé e. Ìyá Oníkòkò á kẹ́yìn.”

Oòrùn kò tíì dé àárín orí nígbà tí àpótí méjìlá wọlé. Òfin àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dí kòtò amọ̀. Láwuyì jókòó ní apá kejì pẹ̀lú mẹ́sàn-án rẹ̀. Méjì tó ṣẹ́kù wà ní ìloro ilé rẹ̀. Àwọn adìyẹ ti bà lé wọn lórí.

Ní ìrọ̀lẹ́, Àwẹ̀ró ń múra láti dá òkúta padà sílé wọn. Ó rí Láwuyì lókèèrè. Ó dá nìkan wá. Ohun kan wà lábẹ́ agbádá rẹ̀. Nígbà tí ó dé, ó gbé e kalẹ̀. Òkúta ààrò ni.

“Mo rántí ohun tí wọ́n ní kí n ṣe,” ni ó wí. “Mo rántí rẹ̀ láàárọ̀ yìí.”

Àwẹ̀ró wo òkúta náà. Òkúta tó dára ni.

“Ààrò kì í jẹ́ mẹ́rin, Bàbá.”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ jókòó lé e. Oúnjẹ ṣì wà.”

Láwuyì jókòó lé òkúta náà. Àwẹ̀ró bu iṣu fún un, ó fi iyọ̀ sí i. Ó jẹun.

Báyìí ni àwọn awo ṣe wí. Àwẹ̀ró gbọ́ ẹbọ, ó rú u bí wọ́n ti ní kí ó rú u. Kòtò kò dí, iṣẹ́ kò parẹ́, ẹni tó ní méjì di ẹni tí ó darí ìlú nígbà tó kàn án. Láwuyì gbọ́ ẹbọ, ó fi ewúrẹ́ dípò òkúta. Ohun tí wọ́n bá ní kí a fi rúbọ ni kí a fi rúbọ. Èyí tó tóbi jù ú lọ kò lè rọ́pò rẹ̀.

Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù.
Ẹni tó bá gbọ́ràn, kí ó jẹ níbẹ̀.
Ẹni tó bá pẹ́ kí ó tó gbọ́, kí ó jókòó,
kí ó jẹ èyí tó kù.