Ohun Tí Kò Gbọdọ̀ Má Sí

Ọkùnrin kan wà tí ó ń kọ ètò sórí kọ̀ǹpútà. Ó kọ ọ̀kan fún àwọn nọ́ọ̀sì abúlé: bí wọ́n bá tẹ orúkọ ọmọ, ètò náà yóò sọ abẹ́rẹ́ àjẹsára tó kàn fún un. Kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n kì í já wọn kulẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n gbé ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ orúkọ sí tẹ́lẹ̀ jù sí àjà, ikán sì jẹ ẹ́.

Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní ìlú kan náà wá gbé tirẹ̀ jáde. Tirẹ̀ ń ya àwòrán aláwọ̀ mèremère tó ń fi bí ọmọ ṣe ń dàgbà hàn. Àwọn nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́ fún un níbi ìpàdé wọn. Ọkùnrin wa náà pàtẹ́wọ́, àmọ́ owú ń jẹ ẹ́. Nígbà tó délé, ó gbé oúnjẹ tì.

"Àparò kan ò ga jùkan lọ," ló ń tún wí. "Kí ló ní tí n ò ní?"

Ó wádìí, ó sì rí i pé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ ló ṣe ayàwòrán náà, ìyẹn ètò kékeré tó ń ya àwòrán ọ̀hún. Ọ̀fẹ́ ló wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá wù ú lè so ó mọ́ tirẹ̀. Ó so ó mọ́ tirẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Wàyí o, irú ètò bẹ́ẹ̀ máa ń mú ìwé kékeré kan dání lọ sọ́dọ̀ ẹni tí yóò lò ó. Lókè ìwé náà ni a ń kọ ohun tí kò gbọdọ̀ má sí; bí kò bá sí, ètò náà kò ní ṣí. Nísàlẹ̀ ni a ń kọ ohun tí yóò dára bí ó bá wà.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Fọlárànmí, àwòrán kì í ṣe abẹ́rẹ́. Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀."

"Sísàlẹ̀ kẹ̀? Kí ẹnì kan lè ṣí tèmi kó má rí àwòrán, kó wá ní tonítọ̀hún ló dára jù?"

Òkè ló kọ ọ́ sí. Ó sì fi ètò tuntun náà ránṣẹ́ síbi gbogbo.

Ọjọ́ abẹ́rẹ́ pé ní abà kan. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ kò lágbára, ayàwòrán sì wúwo, kò wọlé tán. Ni ètò bá kọ̀, kò ṣí. Àwọn ìyá jókòó láti àárọ̀, yìnyín inú kúlà tí wọ́n kó abẹ́rẹ́ sí ń yọ́. Nọ́ọ̀sì àgbà pè é.

"Ọ̀gá, ta ló ní kó yàwòrán? Ṣebí bí a ò bá rí àdán, òòbẹ̀ là ń fi ṣẹbọ! Ẹ jẹ́ kó ṣí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

Ó gun ọ̀kadà, ó lọ. Lójú ọ̀nà, ó pàdé àwọn ìyá tó ń padà sílé, ọmọ lẹ́yìn wọn. Ọ̀kan tí kò mọ̀ ọ́n kí i.

"Ẹ kú ọ̀nà o. Tó bá ṣe ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì lẹ ń lọ, ẹ tètè padà. Ẹ̀rọ wọn ń wá fọ́tò."

Ojú tì í. Kò lè yà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì mọ́. Ó lọ sí ilé ìwòsàn tó wà lódìkejì odò, níbi tí wọ́n ti ń lo ètò ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kó lè wò ó bóyá ìyẹn ṣí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí níbẹ̀ rárá, síbẹ̀ àwọn ọmọ ń gba abẹ́rẹ́, wọ́n ń ké. Ó yọjú wo kọ̀ǹpútà. Ohun tó wà lójú ẹ̀rọ náà ni pé: "Ayàwòrán kò sí níbí. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ."

Owú tó jẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà ju ti ọjọ́ àtẹ́wọ́ lọ. Àwòrán ló ti ń wò láti ọjọ́ yìí. Gbólóhùn yẹn ni kò rí. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ìyá, ó ṣí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó sì mú ayàwòrán kúrò lókè ìwé, ó kọ ọ́ sísàlẹ̀.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi yìí, ohun ọ̀ṣọ́ ilé ẹlòmíì ló ń dá ọ lóró. Kò burú bí o bá fẹ́ ẹ. Kọ ọ́ sísàlẹ̀. Bí ó bá dé, kí o lò ó. Bí kò bá dé, ṣílẹ̀kùn rẹ kí o ṣiṣẹ́, nítorí àwọn kan ti jókòó dè ọ́ láti àárọ̀.