Ìdí Tí A Kì Í Fi Ọmọ Tọ́ Ọbẹ̀ Wò ní Òkè-Ìtúnu

Ọjọ́ tí ogun wọ Òkè-Ìtúnu, agogo ìdúpẹ́ ni a ń lù lọ́wọ́. Kò sí bí a ṣe lè sọ ìtàn yìí kí ìtìjú má bá a wá, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí tó tini lójú jù. Ní ọdún tí mò ń wí yìí, ogun ti jẹ gbogbo ilẹ̀ tó yí wa ká. Àwọn abúlé tó gbọ́n kó iṣu wọn pamọ́ sínú igbó, wọ́n pa iná wọn, wọ́n sì pa ẹnu wọn mọ́. Àwọn baba wa nìkan ni wọ́n rò pé ènìyàn kò lè kórè kó má dúpẹ́ ní gbangba. Wọ́n kó gbogbo iṣu, gbogbo àgbàdo àti gbogbo erèé tí abúlé ní wá sínú ṣọ́ọ̀ṣì onígànná amọ̀ kan ṣoṣo, wọ́n tò ó dé iwájú pẹpẹ, wọ́n wá ń lu agogo irin tí àwọn òyìnbó oníwàásù fún wọn láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi gùn. Ẹni tó bá ń wá oúnjẹ lọ́jọ́ náà kò nílò amọ̀nà. Ohun tí a fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run la fi ránṣẹ́ pe ọ̀tá.

Ọ̀tá náà ni Ògúnmọ́dẹdé, Balógun a-jó-ilé-gba-ọ̀nà, ọkùnrin tí í fi omijé opó fọwọ́ kó tó jẹun. Àádọ́rùn-ún ọmọ ogun ló kó wá. Wọ́n yí ṣọ́ọ̀ṣì ká nígbà tí orin ń lọ lọ́wọ́, wọ́n sì dúró dè wá kí a kọ ọ́ tán, nítorí pé orin náà dùn mọ́ Balógun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wọlé, wọ́n fi okùn kan ṣoṣo so wá lọ́rùn pọ̀, ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé. Ògúnmọ́dẹdé béèrè ẹni tó lu agogo. Olùkọ́ Ìsákì Fádípẹ̀, tó ń darí ìjọ, ní òun ni. Balógun ní, "O ṣeun, Olùkọ́. Máa lù ú lọ." Ó fi ọmọ ogun méjì tì í, ó ní kó máa lù ú, kí àwọn tó sá wọ igbó lè gbọ́ ọ, kí wọ́n sì rò pé àlàáfíà ti padà dé. Olùkọ́ lu agogo fún ọjọ́ méjì, awọ ọwọ́ rẹ̀ bó. Ènìyàn mọ́kànlá ló ti inú igbó jáde wá síbi agogo náà, a sì so wọ́n mọ́ wa. Nígbà tí apá Olùkọ́ kò gbé e mọ́, okùn agogo náà ni wọ́n fi so ó kọ́ sára òpó, ibẹ̀ ni ó sì wà.

Nínú àwọn tí a so lọ́rùn ni Rèbékà Ẹfúntádé wà, Ẹfúntádé a-rù-má-sọ̀, obìnrin tó fi ẹsẹ̀ inú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ rìn dé etíkun, tó sì fi ẹsẹ̀ kan náà rìn padà wálé. Òun ló tẹ ibí yìí dó. Nígbà tí ìlú ńlá kan tí n kò ní dárúkọ, nítorí pé a ti di àna ara wa, lé àwọn onígbàgbọ́ jáde, obìnrin yìí ló mú àdá ṣíwájú wọn wọ igbó tí ẹnikẹ́ni kì í dá. Ohun méjì ló mú bọ̀ láti oko ẹrú: Bíbélì tí kò lè kà, àti igi ẹ̀gẹ́ tí ó dì mọ́ inú aṣọ. Ohun kan ló sì fi sílẹ̀ níbẹ̀. Olówó rẹ̀ ti fi ẹyín iná sí i lẹ́nu nítorí ọ̀rọ̀ kan tó sọ, láti ìgbà náà ni ahọ́n rẹ̀ kò ti mọ ìyàtọ̀ láàárín iyọ̀ àti eérú. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Dọ́káàsì Àwẹ̀ró, ẹni ọdún mọ́kàndínlógún, ló ń bá a tọ́ ọbẹ̀ wò. Gbogbo abúlé ló máa ń gbọ́ wọn ní ìrọ̀lẹ́. Ìyá á da ọbẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ, ọmọ á lá a, á ní, "Kò níyọ̀ tó, Ìyá mi," ìyá á ní irọ́ ló ń pa, á sì tún fi iyọ̀ sí i.

Ẹ̀gẹ́ tí Ẹfúntádé gbìn sí etí odò kì í ṣe irú èyí tí à ń sè jẹ lónìí. Ó korò, ó sì lóró. A gbọ́dọ̀ rin ín, ká dì í sínú àpò, ká gbé òkúta lé e fún ọjọ́ mẹ́rin kí omi ikú inú rẹ̀ tó ro dànù, lẹ́yìn náà la tó lè yan án jẹ. Gbogbo ìjọ ló mọ èyí. Àwọn ọmọ ogun tó ti òkè ọ̀dàn wá kò rí ẹ̀gẹ́ sójú rí.

Fún ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n fi jẹ ìkórè wa níṣojú wa, omi nìkan ni wọ́n sì ń fún wa. Iṣu tán. Balógun dúró níwájú wa, ó ń fi igi ta eyín, ó ní, "Láti ọ̀la lọ, ọjọ́ tí àwọn ọmọ mi bá fi ebi sùn, ènìyàn márùn-ún nínú yín kò ní jí. Àwọn tó kéré ni n óò fi bẹ̀rẹ̀."

Ẹfúntádé dìde, okùn lọ́rùn rẹ̀. "Balógun, kí ẹ pẹ́. Oúnjẹ kan wà nínú ilẹ̀ létí odò tí ẹnikẹ́ni kò tíì wú. Bí ẹ bá tú èmi àti obìnrin mẹ́ta sílẹ̀, a óò sè é fún yín."

"Ọjọ́ mẹ́jọ rèé tí ebi ti ń pa yín, o kò sọ pé oúnjẹ wà?"

"Ta ni yóò tú wa sílẹ̀ lọ wú u?" ni Ẹfúntádé wí, Balógun sì rẹ́rìn-ín.

Wọ́n lọ wú u, Àwẹ̀ró wà nínú àwọn mẹ́ta náà. Wọ́n bó o, wọ́n rin ín, wọn kò sì fún omi rẹ̀ dànù. Bó ṣe rí ni wọ́n dà á sínú ìkòkò ńlá mẹ́ta, wọ́n fi epo, ata àti ẹja gbígbẹ tí àwọn ọmọ ogun kó ti ibòmíràn wá sè é ní ẹ̀bẹ, kí ìkorò náà lè fara pamọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí Àwẹ̀ró ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, ìyá rẹ̀ se oúnjẹ kò sì ní kó na àtẹ́lẹwọ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti pa ènìyàn tó bí Ògúnmọ́dẹdé ti pa, kì í ṣe òmùgọ̀. Ó wo ìkòkò, ó wo alásè. Ẹfúntádé ti mú ìgbákọ, ó ní òun ni yóò kọ́kọ́ jẹ. Balógun gba ìgbákọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ kọ́, ìyá arúgbó. Ẹni tó ti lọ sóko ẹrú tó bọ̀ kò ní ohun tó ń bà á lẹ́rù mọ́. Ta ló ń bá ọ tọ́ ọbẹ̀ wò nílé?"

Kò sí ẹni tó la ẹnu nínú àádóje ènìyàn tí okùn wà lọ́rùn wọn, mo sì gbà pé bí wọ́n bá na wọ́n, wọn kì bá tí sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ojú wọn ló yí lẹ́ẹ̀kan náà, tó lọ bá Àwẹ̀ró. Wọn kò mọ̀ pé àwọn ṣe é. Balógun tẹ̀ lé ojú wọn, ó rí ọmọbìnrin náà, ó sì kí ìjọ. "Ẹ ṣeun," ló wí.

Àwẹ̀ró kò jẹ́ kí wọ́n wá fà á. Ó dìde fúnra rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí Balógun, ó ní, "Èmi ni, bàbá. Ebi sì ń pa mí, ẹ bù ú kó kún." Wọ́n bu igbá kan fún un. Bó ṣe ń jẹ, Balógun kò wò ó rárá, ojú ìyá rẹ̀ ló ń wò. Gbogbo ẹ̀mí tó kù ní Òkè-Ìtúnu wà lójú obìnrin yẹn. Bó bá ṣẹ́jú lọ́nà tí kò yẹ, a ti kú. Ẹfúntádé fi ọwọ́ lé bàdí, ó ní, "Jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, Àwẹ̀ró, kó má há ọ lọ́rùn," bí ìyá ti í wí.

Àwẹ̀ró nu ẹnu. "Ó dùn, Ìyá mi. Ẹ tún bù sí i."

Balógun ní àwọn yóò dúró títí òjìji òpó agogo, pẹ̀lú ti ẹni tó so mọ́ ọn, yóò fi kan ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Àwẹ̀ró lọ jókòó sẹ́yìn Jọláadé, ìyàwó tuntun kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í di irun rẹ̀, kí Balógun lè rí i pé ọwọ́ òun kò gbọ̀n. Jọláadé yìí ni ìyá ìyá bàbá mi, láti ẹnu rẹ̀ ni ìtàn yìí ti wá. Ó ní ìka Àwẹ̀ró tutù, òógùn rẹ̀ ń kán sí òun lágbárí, ó sì ń fa irun náà tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi bọ́ lójú òun. Òun fẹ́ yíjú wò ó. Àwẹ̀ró sọ sí òun létí pé, "Má mira. Jọ̀ọ́, má mira." Ó di ẹsẹ̀ kan, ó di èkejì, ó di ẹ̀kẹta. Nígbà tó dé àárín ẹ̀kẹrin, òjìji kan ògiri, Balógun sì ní kí wọ́n jẹun.

Ebi sì ti ń pa wọ́n. Wọ́n jẹ ẹ́ bí ẹni tí a ń lé. Wọ́n jẹ ìkòkò mẹ́ta náà títí wọ́n fi ń họ ìdí rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìyà mìíràn ti jẹ wa. Jóṣúà Adérògbà, ọ̀kan nínú wa tí wọ́n tú sílẹ̀ láti máa pọn omi, rọra na ọwọ́ sínú ìkòkò kan, ó lá a. Ó mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ebi ọjọ́ mẹ́jọ ló gba ọgbọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹfúntádé rí i. Bó bá kígbe, àwọn tí kò tíì jẹ yó yóò gbọ́. Ó yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì, Jóṣúà sì bá àwọn ọ̀tá kú. Títí di òní, ìdílé Adérògbà kì í bá wa jẹun lọ́jọ́ Ìkórè. Bí ìsìn bá ti parí, ilé wọn ni wọ́n ń lọ, a kì í sì í pè wọ́n padà.

Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ ogun fi bẹ̀rẹ̀ sí í di orí mú. Wọ́n ń bì, wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, wọ́n ń pe ìyá wọn. Àwọn kan gbé idà, idà bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ògúnmọ́dẹdé rá kòrò dé ẹsẹ̀ Ẹfúntádé, ó ní, "Kí lo fún wa jẹ?"

Ẹfúntádé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ọkùnrin náà lè gbọ́ dáadáa. "Ìkórè wa ni. Ẹ gbọ́ agogo, ẹ wá."

Àlímánáákì ìjọ tí wọ́n tẹ̀ lọ́dún tó kọjá ní áńgẹ́lì Olúwa ló sọ̀ kalẹ̀ tó pa wọ́n. Áńgẹ́lì kankan kò sọ̀ kalẹ̀. Ẹfúntádé fi ọ̀bẹ ọbẹ̀ gé okùn ọrùn wa, ó sì ní kí a pa àwọn tí kò tíì kú, títí kan àwọn tó ń bẹ̀bẹ̀, a sì pa wọ́n. Àwọn kan nínú wọn kò tíì hu irùngbọ̀n. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ aṣọ funfun jókòó lórí ilẹ̀ àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì tí a sin wọ́n sí, ẹ mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ parí ni ó tó lọ bá ọmọ rẹ̀. Kò lè lọ ṣáájú. Orí Àwẹ̀ró wà lẹ́sẹ̀ Jọláadé, ètè rẹ̀ ti dúdú.

"Ìyá mi, ṣé wọ́n jẹ ẹ́?"

"Wọ́n jẹ ẹ́, ọmọ mi. Wọ́n jẹ ẹ́ tán."

Àwẹ̀ró fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kò níyọ̀ tó, Ìyá mi." Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn nìyẹn. Ìyá kò sì sọ pé irọ́ ló ń pa.

Ọjọ́ kẹta tí wọ́n sin ín, Ẹfúntádé kó ìjọ jọ, ó dúró níwájú pẹpẹ tí kò sí iṣu kan lórí rẹ̀ mọ́. Ó ní, "Ẹnu yín dákẹ́, mo dúpẹ́. Ojú yín ni kò dákẹ́. N kò ní fi yín ré, nítorí pé ẹ̀yin ni ọmọ mi fi ẹ̀mí rẹ̀ rà, n kò sì ní ba ọjà rẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, ẹni tó bá mú nǹkan wá fún Ọlọ́run, kó kọ́kọ́ jẹ nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bó bá sì ń jẹ, kí gbogbo yín dojú bolẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wo ẹnikẹ́ni. Agogo yẹn, kí ẹnikẹ́ni má lù ú mọ́. Kò sì sí ìyá kan ní ilẹ̀ yìí tí yóò tún fi ọmọ tọ́ ọbẹ̀ wò."

Bẹ́ẹ̀ ló rí títí di òní. Lọ́jọ́ Ìdúpẹ́ Ìkórè, àwọn ìjọ mìíràn ń lu agogo, wọ́n ń jó. Tiwa, à ń sun díẹ̀ nínú iṣu wa, à ń jẹ ẹ́ ní ìdúró, ojú gbogbo wa sì wà nílẹ̀. Pásítọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá bá wa lọ́dún méjì sẹ́yìn ní ìdúpẹ́ yìí bani nínú jẹ́ jù, ó ní ká lu agogo díẹ̀ kí inú Ọlọ́run lè dùn. Àwọn ìyá ìjọ kò bá a jiyàn. Wọ́n mú un lọ síbi òpó náà, wọ́n fi ibi tí okùn ti jẹ igi hàn án, kò sì tún sọ ọ́ mọ́.

Ẹfúntádé lo ọdún méjìlélógún sí i. Ó ń dá ọbẹ̀ rẹ̀ sè, kò sí ẹni tó ń bá a tọ́ ọ wò, ìgbà mìíràn iyọ̀ á pọ̀ jù, ìgbà mìíràn kò ní sí rárá. Ẹni tó bá jẹun nílé rẹ̀ á jẹ ẹ́ tán, á sì dúpẹ́. Orúkọ rẹ̀ ni ẹ óò kà lára òkúta mábù tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì tọ́ sí i. Orúkọ Àwẹ̀ró kò sí níbẹ̀, nítorí pé ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kí a kọ ọ́ síbi tí gbogbo ojú yóò ti máa wò ó. Inú ìkòkò wa ló wà. Obìnrin tí a bá fẹ́ wálé láti ìlú mìíràn, ohun àkọ́kọ́ tí a ń kọ́ ọ nìyẹn: bó bá da ọbẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ, ìyá ọkọ rẹ̀ á gbá a dànù. Nítorí náà, àlejò, bí o bá jẹun ní Òkè-Ìtúnu, tí o rí i pé ọbẹ̀ wa kò níyọ̀ tó, jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. A mọ̀.