Òòrẹ̀ Onílẹ̀kùn Ọjà

"Ẹ̀yin ọmọ mi, àlọ́ o!"

"Àlọ̀ọ̀!"

Àlọ́ mi já pàrà, ó balẹ̀ sọ́dọ̀ Òòrẹ̀, tó la ọ̀nà kan ṣoṣo tó wọ ọjà ẹranko, tó sì fi ìlẹ̀kùn dí i. Ó ń gba ìdámẹ́ta ẹrù Ọ̀kẹ́rẹ́, ó ń gba ti Àparò, kó tó ṣílẹ̀kùn fún wọn. Nígbà tí Ẹtu gbé àgbo ibà dé, ó lé e padà, torí òun náà ń ta àgbo.

Ẹtu bá fi orin sí i, ẹ gbè é:

"Òòrẹ̀, ìwọ lo la ọ̀nà."

"Ọjà kì í ṣe tìrẹ!"

Kò pẹ́, ibà dá ọmọ Òòrẹ̀ dùbúlẹ̀. Àgbo tirẹ̀ kò ràn án. Òòrẹ̀ dorí kodò lọ bá Ẹtu. Ẹtu bu àgbo fún un, kò bú u.

Ọmọ sàn. Òòrẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ yọ ìlẹ̀kùn. Gbogbo ẹranko ń kọjá, wọ́n ń kí i, kò lè gbójú sókè.

Ibẹ̀ ni mo fi í sílẹ̀ sí, tòun ti ìtìjú rẹ̀.