Ìdí Tí Jíìpù Òkè-Àràbà Fi Ń Ké Lójú Títì

Nígbà láéláé, kí wọ́n tó bí ẹni tó sọ ìtàn yìí fún mi, jíìpù Òkè-Àràbà kì í ké. Bó bá ń kọjá lójú títì, jẹ́jẹ́ ló ń lọ bíi mọ́tò ẹnikẹ́ni. Táyà rẹ̀ kéré, ara rẹ̀ sún mọ́lẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń yíjú wò ó.

Ṣùgbọ́n kò lè gun òkè nígbà òjò.

Orí àpáta ni ìlú Òkè-Àràbà wà. Ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ gba inú ẹrẹ̀ kọjá, lẹ́yìn náà ló wá gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ olókùúta kan tí wọ́n ń pè ní Má-kánjú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, jíìpù lè fà á díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dókè. Bí òjò bá ti dé, àgbàrá á gbẹ́ ojú ọ̀nà, òkúta á yọrí síta, ikùn jíìpù á sì gbé lé òkúta. Táyà á wá máa yí lásán.

Ẹni tó ń wà á ni Ìbíyẹmí, tí gbogbo ìlú ń pè ní Ìyá Àlàbá. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ ní mọ́tò wíwà kí ó tó kú. Obìnrin náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti ní òun kò gbà, kò gbà náà nìyẹn.

Ní ọdún kan, nígbà tí òjò ń rọ̀ gidigidi, Adúnọlá àbúrò Ìbíyẹmí ń rọbí. Ọmọ náà kò tètè wá. Wọ́n gbé e sínú jíìpù pé kí wọ́n gbé e lọ sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n jíìpù gbé ikùn lé òkúta ní Má-kánjú. Àwọn ọkùnrin gbé Adúnọlá lé èjìká. Wọ́n ń yọ̀ ṣubú, wọ́n ń dìde, wọ́n tún ń lọ. Kí wọ́n tó dé ìsàlẹ̀, ó ti dákẹ́. Ọmọ inú rẹ̀ náà kò rí ayé.

Ìdí-Ọ̀pẹ ni ìlú tó wà nísàlẹ̀ òkè náà. Lẹ́yìn ìsìnkú, Baálẹ̀ Ìdí-Ọ̀pẹ pe àwọn ará òkè jọ síwájú ilé rẹ̀. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi bá wọn sọ̀rọ̀. Ó ní ikú náà dun òun. Ó ní ìjọba fẹ́ gbé agbẹ̀bí kan wá sí agbègbè àwọn, àti pé ibi tí mọ́tò bá ti lè gbé e dé nínú òjò ni yóò máa gbé. Mọ́tò kò lè dé Òkè-Àràbà. Nítorí náà, kí wọ́n kúkú kó sọ̀ kalẹ̀. Òun á fún wọn ní ilẹ̀ tí wọn yóò máa ro.

Àwọn ará òkè mọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Lórí òkè, ilẹ̀ baba wọn ni wọ́n ń ro. Nísàlẹ̀, ilẹ̀ onílẹ̀ ni wọn yóò máa ro, wọn yóò sì máa gbé ìṣákọ́lẹ̀ wá fún Baálẹ̀ lọ́dọọdún. Síbẹ̀, àwọn kan ti ń mi orí pé àwọn gbà, nítorí ẹ̀rù ikú ń bà wọ́n.

Ìbíyẹmí kúnlẹ̀ kí Baálẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó dúró ṣánṣán.

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Mo ti sin àbúrò mi. N kò ní sin ìlú mi tẹ̀ lé e. Bó bá jẹ́ pé mọ́tò ni wọ́n fẹ́ kó dókè nínú òjò, mọ́tò á dókè."

Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó bi í pé mọ́tò ta ni.

"Tèmi ni," ni Ìbíyẹmí wí.

Ó kó iṣu ọdún náà jáde lábà, ó fi gba táyà gìrìwò mẹ́rin lọ́wọ́ àwọn tó ń la gẹdú. Ó yí wọn lọ sọ́dọ̀ Sùnmọ́nù, mẹ́káníìkì kan ní Ìdí-Ọ̀pẹ, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀. Sùnmọ́nù gé etí irin tí ì bá máa ha táyà lára, ó sì de táyà náà mọ́ jíìpù. Jíìpù ga sókè. Èèyàn lè wọ́ ikùn gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Inú àwọn ará òkè dùn. Òkúta wo ló tún lè kan ikùn jíìpù yìí?

Nígbà tí Ìbíyẹmí tẹ iná fún un lójú títì, ó rí i pé jíìpù ń lọ́ra bíi ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Kò ka ìyẹn sí. Ó la ẹrẹ̀ kọjá, ó dé Má-kánjú. Kò sí òkúta kankan tó kan ikùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà ṣe gbé orí sókè ni ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó gbọ̀n, ó kú. Ìbíyẹmí ṣáná sí i, ó tún kú. Nígbà tó fi agídí tẹ̀ ẹ́, òórùn jíjó kílọ́ọ̀ṣì, ìyẹn awo tó ń gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì, gba gbogbo inú mọ́tò. Jíìpù wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lọ sẹ́yìn. Igi kan ló dá a dúró lẹ́bàá ọ̀nà.

Àwọn ará Ìdí-Ọ̀pẹ ní ọmọdé kì í wọ bàtà àgbà kó sáré. Sùnmọ́nù pàápàá ní kí àwọn dá táyà kékeré padà.

"Táyà kékeré ló pa àbúrò mi," ni Ìbíyẹmí dá a lóhùn. "Ẹ má dárúkọ rẹ̀ fún mi mọ́."

Sùnmọ́nù fi jáàkì gbé ẹ̀yìn jíìpù sókè, ó sì wọ abẹ́ rẹ̀ lọ. Ó ní kí Ìbíyẹmí wá wò ó.

Ọ̀pá gígùn kan ló ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sẹ́yìn. Lẹ́nu ọ̀pá náà ni irin kékeré kan wà tó ní eyín. Eyín rẹ̀ ló ń ti eyín irin ńlá kan, irin ńlá náà ló sì ń yí táyà. Sùnmọ́nù fi ọwọ́ yí ọ̀pá náà. Irin kékeré yí ní ìgbà mẹ́rin kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ó ṣàlàyé pé ìyẹn tó fún táyà àtijọ́. Ṣùgbọ́n ti ìsinsìnyí tóbi. Bó bá yí lẹ́ẹ̀kan, ilẹ̀ tó ń gbé mì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì kò ní agbára kún agbára.

Ìbíyẹmí ronú díẹ̀. Ó rántí bí àwọn obìnrin ṣe ń ru omi gun Má-kánjú. Ó ní ẹni tó bá ń fi ẹsẹ̀ gígùn rìn tòun ti omi lórí kì í dé ìdajì kó tó dúró. Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ kúkúrú rìn ló ń dé ilé.

"Òun gan-an nìyẹn," ni Sùnmọ́nù wí. "Táyà yìí ti sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ di gígùn. Eyín inú yìí la máa pààrọ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè padà di kúkúrú."

Ó wọn táyà tuntun mọ́ ti àtijọ́. Ti tuntun fi ìdá kan nínú mẹ́rin tóbi jù ú lọ. Nítorí náà, bí irin kékeré bá ń yí ní ìgbà márùn-ún dípò mẹ́rin, jíìpù á rí agbára rẹ̀ àtijọ́ gbà padà. Ṣùgbọ́n Sùnmọ́nù kò fi bò fún un pé táyà tuntun wúwo, èèyàn àti ẹrù sì wà nínú mọ́tò. Bí wọ́n bá mú ti ìgbà márùn-ún, jíìpù á máa lọ jẹ́jẹ́ lójú títì, ṣùgbọ́n ó lè kú ní Má-kánjú. Bí wọ́n bá mú èyí tó lé díẹ̀ sí i, á gun òkè, ṣùgbọ́n lójú títì kò ní lè sáré, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á sì máa ké ṣáá ni.

"Ẹ fún mi ní èyí tó ń gun òkè," ni Ìbíyẹmí wí. "Kó máa ké."

Wọ́n lọ wá eyín náà ní àgbàlá àwọn mọ́tò àlòkù ní ìlú míì. Wọ́n rí irin kékeré àti irin ńlá tó jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀, ṣùgbọ́n ti ẹ̀yìn nìkan ni. Jíìpù náà sì rèé, iwájú àti ẹ̀yìn ló ń fà, iwájú náà ní eyín tirẹ̀. Sùnmọ́nù ní kí àwọn ní sùúrù títí àwọn á fi rí ti iwájú. Ìbíyẹmí ní kò sí àyè sùúrù, agbẹ̀bí lè dé nígbàkigbà. Ó fúngun mọ́ Sùnmọ́nù títí ó fi de ti ẹ̀yìn nìkan.

Nínú ẹrẹ̀, jíìpù fà dáadáa, nítorí ẹrẹ̀ ń jẹ́ kí táyà máa yọ̀, ìyàtọ̀ iwájú àti ẹ̀yìn kò sì hàn. Ìbíyẹmí ti ń kọrin. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé orí àpáta, tí gbogbo táyà di ilẹ̀ mú, ìjà bẹ̀rẹ̀ láàrin iwájú àti ẹ̀yìn. Iwájú ń fẹ́ gbé ẹsẹ̀ gígùn, ẹ̀yìn ń fẹ́ gbé ẹsẹ̀ kúkúrú. Ọwọ́ ìdarí le koko. Nǹkan kan dún gbà lábẹ́ mọ́tò, irin iwájú sì fọ́ yángá.

Jíìpù dúró sójú kan ní ẹsẹ̀ Má-kánjú, níbi tí gbogbo ará ìsàlẹ̀ ti lè rí i.

Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ wá síbẹ̀ tòun ti agbòòrùn. Ó ní, "Ìyá Àlàbá, ó tó gẹ́ẹ́. Kò sí ìtìjú nínú kéèyàn sọ̀ kalẹ̀."

Ìbíyẹmí nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó sì kúnlẹ̀ kí i. Ó ní òun ń bọ̀ wá tún un ṣe ni.

"Títí dìgbà wo?"

"Títí á fi gòkè, Bàbá."

Nígbà tí Baálẹ̀ lọ tán, Ìbíyẹmí yíjú sí Sùnmọ́nù. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Ó ní Sùnmọ́nù ti sọ fún òun, òun ni kò gbọ́. Sùnmọ́nù ní òun náà jẹ̀bi, nítorí ọwọ́ òun ló de irin náà. Wọn kò tún bá ara wọn wí mọ́.

Wọ́n wá ti iwájú láti ìlú dé ìlú. Níbi tí wọ́n ti rí i nígbẹ̀yìn, mọ́tò tó ni ín ti wọ inú koríko, àwọn ọkùnrin Òkè-Àràbà ló sì fi èjìká gbé irin náà dé títì. Lọ́tẹ̀ yìí, Ìbíyẹmí kò kánjú. Ó ka eyín ti iwájú, ó ka ti ẹ̀yìn, ó tún ní kí Sùnmọ́nù kà wọ́n. Ìgbà tí wọ́n bá ara wọn mu ló tó ní kí ó dè wọ́n.

Òjò ń rọ̀ ní ọjọ́ tí agbẹ̀bí dé. Dọ́kásì ni orúkọ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan ló mú un wá. Ó wo òkè náà, ó wo jíìpù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé Ìdí-Ọ̀pẹ náà dára. Dọ́kásì yíjú sí Ìbíyẹmí, ó bi í.

"Ṣé ẹ ti gùn ún rí nínú òjò báyìí?"

"Rárá," ni Ìbíyẹmí wí. "Òní la máa gùn ún."

Dọ́kásì ká ẹsẹ̀ aṣọ rẹ̀ sókè, ó wọlé, ó sì gbé àpótí iṣẹ́ rẹ̀ lé itan.

Jíìpù ké. Ó ké la Ìdí-Ọ̀pẹ já, àwọn èèyàn sì ń jáde wò ó. Ó la ẹrẹ̀ kọjá. Ó dé Má-kánjú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún ní ẹsẹ̀ kúkúrú, bíi obìnrin tó ru omi. Àgbàrá ń ṣàn pàdé rẹ̀. Òkúta ń mì í sọ́tùn-ún, ó ń mì í sósì. Ó lọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí arúgbó lè bá a rìn, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kò gbọ̀n, kò sì kú. Nígbà tí wọ́n kọjá ibi tí wọ́n ti gbé Adúnọlá sọ̀ kalẹ̀, Ìbíyẹmí kò wo ẹ̀gbẹ́. Ètè rẹ̀ nìkan ló ń jẹ́ orúkọ àbúrò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ojú ọ̀nà tẹ́jú níwájú jíìpù. Wọ́n ti dókè.

Àwọn èèyàn kan wá ń fi ọwọ́ kan táyà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbíyẹmí gbé orí lé ọwọ́ ìdarí, ó sunkún títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Láìpẹ́, Baálẹ̀ Ìdí-Ọ̀pẹ ránṣẹ́ wá pé igbe jíìpù náà ń dí òun létí bó bá ń kọjá níwájú ilé òun. Ó ní kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí i, kó máa dákẹ́ bíi mọ́tò yòókù.

Ìbíyẹmí fi ọ̀wọ̀ gba ìránṣẹ́ náà lálejò, ó fún un lóunjẹ. Nígbà tó jẹun tán, ó rán an padà.

"Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ ní mo ní, mọ́tò tó bá dákẹ́ níwájú ilé wọn, yóò dákẹ́ ní Má-kánjú pẹ̀lú. Àwa ò fẹ́ èyí tó ń dákẹ́."

Láti ọjọ́ náà ni jíìpù Òkè-Àràbà ti ń ké lójú títì. Láti ọjọ́ náà pẹ̀lú ni kò ti sí ará òkè tó ń wọ táyà ńlá fún mọ́tò láì kọ́kọ́ ka eyín iwájú àti ti ẹ̀yìn. Bí ẹ bá gbọ́ igbe rẹ̀ lókèèrè, ẹ má ṣe rò pé ó ń ṣàìsàn. Ẹ yà fún un lọ́nà. Ilé ló ń lọ.