Odò Tí Látúnjí Dá Lẹ́jọ́

Dúró ná, ìwọ tí ò ń ka èyí. Gbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ sílẹ̀ kí o fetí sí mi, nítorí ọ̀rọ̀ yìí lè jẹ́ tìrẹ.

Látúnjí ará Òkè-Ìsẹ́ jẹ́ onídàájọ́ tí Ọlọ́run fi làákàyè jíǹkí. Bí ẹjọ́ bá lọ́ bí ìfun ẹran, tó bá ti bi tọ̀tún, tó bi tòsì, irọ́ á jáde fúnra rẹ̀. Ohun kan ló fi ń mọ̀ ọ́n: ẹni tó bá ń pariwo ló ń pa nǹkan mọ́, ẹni tó bá dákẹ́ ni òtítọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ogún ọdún ni èyí kò fi já a kulẹ̀, kò sì bi ara rẹ̀ rí bóyá ọ̀rọ̀ ènìyàn nìkan ló wà fún.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìránṣẹ́ sáré dé láti Ìgbóòrò. Wọ́n ní Aríyìíbí, àbúrò rẹ̀, dáná sun oko olóko. Bí oòrùn bá kan àtàrí tí ẹnikẹ́ni kò wá gbèjà rẹ̀, wọn yóò lé e kúrò nílùú títí láé. Látúnjí kò jẹun. Ó ń rìn, ó ń sáré, ó ń wo òkè, ó tún ń sáré, títí ó fi dé etí odò tó wà láàárín òun àti Ìgbóòrò.

Àwẹ̀ró, obìnrin apẹja kan, ń tú ìgèrè ẹja rẹ̀ níbẹ̀. Odò ń hó lórí òkúta lápá òkè. Lápá ìsàlẹ̀, ó dákẹ́ rọ́rọ́ bí epo inú àwo. Látúnjí kọrí sí ìsàlẹ̀.

"Bàbá, ẹ má gba ibẹ̀ yẹn," ni Àwẹ̀ró wí. "Ibi tó ń hó yẹn ni kí ẹ gbà."

"Ẹlẹ́ja, èyí tó ń pariwo ni kí n bọ́ sí? Mo mọ irú wọn."

"Omi kì í rojọ́, bàbá. Òkúta ló ń jẹ́ kí tòkè pariwo. Kò ju orúnkún lọ. Eléyìí dákẹ́ nítorí pé ó jìn."

Látúnjí wo oòrùn, ó wo obìnrin náà. "Ìwọ náà, ariwo rẹ pọ̀ jù fún ẹni tó ń sọ òtítọ́." Ló bá kó sómi.

Omi kan ọrùn ẹsẹ̀, ó kan ìbàdí. Ìgbésẹ̀ kan sí i, ilẹ̀ kò sí mọ́. Bí kì í bá ṣe ọ̀pá gígùn tí Àwẹ̀ró nà sí i, òkú rẹ̀ ni wọn ì bá máa wá. Ó dùbúlẹ̀ sórí iyanrìn, ó ń bì, ó ń wúkọ́.

"Ṣé omi ti jẹ́wọ́ fún yín báyìí, bàbá?" ni Àwẹ̀ró bi í, bó ti ń fi etí ìró rẹ̀ nù ún lójú.

Nígbà tó lè dìde, ó gba ibi tó ń hó. Orúnkún ni omi mọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi dé ìlú, oòrùn ti yẹ̀ kúrò ní àtàrí, àwọn àgbà Ìgbóòrò sì ti ń ká ẹní.

"A retí yín títí," ni baálẹ̀ wí. "Àbúrò yín náà ń wẹ̀yìn wò títí wọ́n fi mú un kọjá odi ìlú."

Ẹni tó ti gba ọ̀pọ̀ àjèjì sílẹ̀ kò rí ọmọ ìyá rẹ̀ gbà sílẹ̀. Látọjọ́ náà, bí amọ̀kòkò méjì bá gbé ẹjọ́ ìkòkò fífọ́ wá, Látúnjí á ní, "Ẹ kọ́kọ́ pe amọ̀kòkò kẹta wá, kó kọ́ mi ní ohun tí ń fọ́ ìkòkò."

Ibẹ̀ ni àwọn àgbà ti mú un tí wọ́n fi ń wí pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n la fi ń ṣọgbọ́n, ìmọ̀ràn ẹnìkan kò tó bọ̀rọ̀. Ìwọ tí ò ń fi ohun tí o mọ̀ ṣe òṣùwọ̀n ohun tí o kò mọ̀, mo bẹ̀ ọ́, yí padà lónìí, kí o lọ béèrè.