Ẹni Tó Ń Ju Dáìsì fún Ẹgbẹ́ Mẹ́fà

Ọkùnrin kan wà tó ń darí líìgì odidi sáà kan lórí tábìlì kan ṣoṣo. Òṣìṣẹ́ ojú omi ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó gbé àpótí káàdì kan bọ̀ wálé láti Amẹ́ríkà. Káàdì àwọn agbábésìbọ́ọ̀lù ni, eré tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, tí ẹni tó gbá a yóò sáré yí igun mẹ́rin ká kó tó gba àmì kan. Àwòrán agbábọ́ọ̀lù wà níwájú káàdì, nọ́ńbà wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá ju dáìsì méjì, nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì ni yóò sọ bóyá ó gbá a tàbí ó tàsé.

Ènìyàn mẹ́fà ló pín káàdì náà, oníkálukú ní ẹgbẹ́ tirẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó fojú rí eré yìí lórí pápá rí, síbẹ̀ wọ́n mọ àwọn tó wà nínú káàdì bí ẹni mọ ará ilé. Ẹni tó bá gba ipò kìíní ni yóò gbé àpótí náà lọ sílé fún ọdún kan. Àpótí ti dé ilé gbogbo wọn àfi ilé obìnrin aránṣọ. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń retí rẹ̀. Ó tilẹ̀ ti ṣí àyè sílẹ̀ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Iṣẹ́ kì í jẹ́ kí àwọn yòókù ráyè, nítorí náà ọkùnrin yìí ló ń ju dáìsì fún ẹgbẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, títí kan tirẹ̀. Ọdún méjì léra wọn, ẹgbẹ́ tirẹ̀ ló borí. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó ní ìwòkuwò nìyẹn.

Fọ́kánáísà, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà náà, ló kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀. Ó ní, “Bàbá, àbí dáìsì yín mọ orúkọ yín ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú. Wọ́n kó dáìsì sínú abọ́ omi láti mọ̀ bóyá nǹkan wúwo wà nínú rẹ̀. Wọn kò rí nǹkan kan. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n ní láti ọjọ́ náà lọ, kò gbọdọ̀ jù ú mọ́ àyàfi bí ẹni méjì bá jókòó tì í.

Òfin wọn ni pé dáìsì tó bá bọ́ sílẹ̀, tàbí tó fẹ̀gbẹ́ ti nǹkan tí kò jókòó dáadáa, kí wọ́n tún un jù. Ọkùnrin náà ń tẹ̀ lé òfin yìí fún ẹgbẹ́ márùn-ún. Ṣùgbọ́n bó bá kan ẹgbẹ́ tirẹ̀, tí dáìsì sì fẹ̀gbẹ́, a máa ní, “Ó tàsé,” a sì mú káàdì kúrò. Àwọn tó ń ṣọ́ ọ rí i. Wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀. Bóyá yóò gbè sẹ́yìn ara rẹ̀ ni wọ́n wá ṣọ́. Èyí kò sí lára ohun tí wọ́n ń wá. Wọ́n ní bàbá ti yí padà.

Nígbà tó ku eré kan kí sáà parí, aránṣọ ló wà lókè, fọ́kánáísà ló tẹ̀ lé e. Fọ́kánáísà àti ọkùnrin yìí ni wọ́n fẹ́ pàdé. Bí fọ́kánáísà bá borí, òun ló ni àpótí. Bí wọ́n bá borí rẹ̀, aránṣọ ló ni ín. Gbogbo wọn pé lọ́jọ́ náà.

Wọ́n ta á títí ó fi ku ẹni ìkẹyìn. Àmì kan ni fọ́kánáísà fi wà níwájú. Èèyàn méjì nínú ẹgbẹ́ ọkùnrin yìí ti dúró ní igun. Bí ẹni ìkẹyìn bá gbá a dáadáa, àwọn méjèèjì yóò sáré wọlé, ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì borí. Ó ju dáìsì. Ọ̀kan jókòó. Èkejì fẹ̀gbẹ́ ti ìwé tí wọ́n ń kọ àmì sí.

Fọ́kánáísà pàtẹ́wọ́. “Ẹ tún un jù o! Ẹ máa jù ú títí yóò fi gbọ́ tiyín.”

Ojú ti ọkùnrin náà. Ó ní, “Ó tàsé. Eré ti parí.”

Wọ́n yìn ín. Ẹnì kan ní olódodo ni bàbá. Aránṣọ nìkan ni kò yìn ín.

Ó ní, “Bàbá, kí ni òfin wí?”

“Ẹgbẹ́ tèmi ni mo pa lára, ìyàwó.”

“Ẹ̀tọ́ tèmi ni ẹ fi wẹ ara yín mọ́. Ìgbà mélòó ni ẹ ti ṣe irú èyí láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà?”

Kò rántí. Wọ́n wo ara wọn lójú, nítorí kò sí ẹni tó mọ èwo nínú ìṣẹ́gun tí wọ́n ní lórí rẹ̀ ló jẹ́ òótọ́ mọ́. Fọ́kánáísà gbé àpótí lọ sílé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bá a yọ̀.

Olùkọ́, ẹ̀yin ni mo ń bá wí, ẹ foríjì mí pé ọmọdé ni mí. Ẹ ní ọmọ yín ló ṣe ipò kìíní ní kíláàsì yín, ẹ sì fà á wálẹ̀ sí ipò kẹta kí àwọn òbí má baà sọ pé ẹ ń ṣojúsàájú. Ẹ sọ ọ́ fún mi bí ẹni tó ṣe ohun rere. Kì í ṣe ara yín ni ẹ fi ipò náà dù. Ẹ̀rù ẹnu ènìyàn ni ẹ bù fún ọmọ yín jẹ, ẹ sì fún ọmọ ọlọ́mọ ní ipò kan tí kì í ṣe tirẹ̀, tí yóò máa yangàn pẹ̀lú rẹ̀ láìmọ̀ pé irọ́ ni. Òṣùwọ̀n tó tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ yín àti èyí tó tẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ yín, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Bí wọ́n bá ń fura sí yín, ẹ gbé ìwé ìdánwò ọmọ náà fún olùkọ́ mìíràn kó máàkì rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Káàdì èsì ìdánwò ṣì wà lọ́wọ́ yín di ọjọ́ Jímọ̀. Ẹ kọ ipò ọmọ náà bó ṣe gbà á, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n máa sọ̀rọ̀.